Ìrìn Alẹ́ Bàbá Àgbà

Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán nílé wa ní Iléṣà, tí wọ́n ti kó abọ́ kúrò nílẹ̀, Bàbá àgbà a jókòó sórí àga onígi rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a fẹ̀yìn ti ògiri, a di ojú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a wà lórí orúnkún. Láìpẹ́, àwọn ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àtàǹpàkò a kan ìka ìfábẹ̀lá, a dúró díẹ̀, ètè a máa mì láìsí ohùn, lẹ́yìn náà àtàǹpàkò a bọ́ sórí ìka tó kàn. Bí ọmọdé kankan bá pariwo lásìkò yẹn, Màámi a fi ojú lé e dé ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ má dí Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n wà lọ́nà."

Òṣómàáló ni Bàbá àgbà. Fún ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, àwọn òṣómàáló ni oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ wa. Wọn a di aṣọ lẹ́rù, wọn a gbé e lọ sí Èkìtì, sí Àkókó, sí Ìgbómìnà, abúlé dé abúlé, wọn a tà á láwìn, wọn a sì máa padà lọ gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ wọn wá láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún onígbèsè tó bá ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la: "Òṣó ni mà á ló." Ìyẹn ni pé, n ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ yìí títí owó mi á fi jáde. Bàbá àgbà ni bàbá tó bí Màámi, ilé rẹ̀ sì ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Ó fi òwò yìí rìn ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí orúnkún tó kọ̀ fún un. Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Kò fi ẹfun sàmì sára ògiri bí àwọn ẹlòmíràn ti máa ń ṣe. Orí rẹ̀ ni ìwé gbèsè rẹ̀.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí mo bi í pé, "Bàbá, kí lẹ ń kà?"

Ó ní, "N ò ka nǹkan kan, ọmọ mi. Mò ń rìn ni."

Ó di ọwọ́ mi mú lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fi ìka mi rìn ín. A jáde lẹ́nu ọ̀nà wa, a gba Ẹ̀rẹ́jà kọjá, ó di Ìwáràjà. Ní Ìwáràjà, ilé tí igi ọsàn wà níwájú rẹ̀: ìyá kan ra gínnì níbẹ̀, ó ku ṣílè mẹ́fà. Ilé tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tó ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún: ó ti san tiẹ̀ tán, kí i, kí o sì máa lọ. Ó di Ẹ̀rìnmọ̀. Lẹ́yìn náà a gun òkè lọ sí Èfọ̀n, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń tutù sí ènìyàn lára. Bàbá gbé gbèsè kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́, tó bá sì di alẹ́, á lọ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ń sọ yìí, ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Púpọ̀ nínú àwọn onígbèsè ọ̀hún ti kú. Náírà ti gba ipò ṣílè láti 1973. Ó ṣì ń rìn ín lálaalẹ́.

Ọdún kejì mi ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí. Olùkọ́ sàíkọ́lọ́jì wa ń sọ ìtàn Simonides, akéwì ilẹ̀ Gíríìsì tó gbé ayé ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní ó jáde kúrò níbi àsè kan, bó ṣe jáde ni òrùlé wó lu gbogbo àwọn tó kù nínú ilé, tó sì pa wọ́n. Òkú wọn bàjẹ́ débi pé ẹbí kò dá wọn mọ̀. Simonides rántí ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó sí, ó sì ń nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: lágbájá nìyí, tàmẹ̀dò nìyí. Nínú ìtàn yìí ni àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù ti fa ọgbọ́n kan yọ. Bí o bá fẹ́ rántí ohun púpọ̀, gbé wọn kalẹ̀ sójú ọ̀nà tí o mọ̀ dáadáa, kí o sì máa rin ọ̀nà náà lọ́kàn.

Ó tún sọ ti àwọn awakọ̀ takisí ìlú London. Kí wọ́n tó fún ènìyàn níwèé àṣẹ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ òpópónà tó tó 25,000 sórí. Ní ọdún 2000, Eleanor Maguire àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ya àwòrán ọpọlọ 16 nínú àwọn awakọ̀ yìí, wọ́n sì rí i pé apá ẹ̀yìn hippocampus wọn tóbi ju ti àwọn tí kì í wa takisí lọ. Bí ọdún tí awakọ̀ ti lò lẹ́nu iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni apá náà ṣe ń tóbi tó. Hippocampus yìí, méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó fara pamọ́ sínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, níbi tó ṣe déédéé etí. Òun ló ń bá wa mọ ọ̀nà, òun náà ló ń bá wa kó ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun jọ kó tó di ìrántí. Iṣẹ́ méjèèjì, ọwọ́ ẹ̀yà kan náà! Mo rí ìka Bàbá àgbà lórí orúnkún rẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì tó ti kú nígbà yẹn, omi sì bọ́ lójú mi sórí ìwé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ nínú ohun tí Bàbá ń ṣe. Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ni ó kọ́kọ́ fi ìṣirò wádìí ìgbàgbé, ara rẹ̀ ló sì fi ṣe é. Ó hun nǹkan bí 2,300 sílébù tí kò nítumọ̀ kankan, ó ń há wọn sórí ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó sì ń dán ara rẹ̀ wò lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, títí dé ọjọ́ 31. Ní 1885 ni ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Láàárín wákàtí kan péré, ohun tó ju ìdajì lọ ti lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbàgbé wá ń fẹsẹ̀ falẹ̀, tó fi jẹ́ pé ní ìparí oṣù, bí ìdá kan nínú márùn-ún ṣì ṣẹ́ kù. Ó sì rí i pé ohun tí a bá ń padà sí lọ́jọ́ púpọ̀, díẹ̀díẹ̀, máa ń pẹ́ lórí ju ohun tí a kì mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ.

Olùkọ́ ni mí lónìí, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe ká mi lára. Lọ́dọọdún ni mo ń rí àwọn ọmọ tó máa ń ka ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, lóru tí ìdánwò ku ọ̀la, tí wọ́n á sì máa sunkún lẹ́yìn náà pé àwọn kàwé. Òótọ́ ni, wọ́n kà á. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà láti kà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà, wọ́n ní kí àwọn kan pa ìwé dé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló borí. Wíwá nǹkan lọ́kàn ló ń mú un dúró lọ́kàn. Bàbá àgbà tí kò ní ìwé tó lè ṣí, kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó wá a lọ́kàn, alẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún ọgbọ̀n ọdún.

Ohun kan tún wà tí kò jẹ́ kí ẹrù náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun tí ọkàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. George Miller sọ ní 1956 pé bíi méje ni, àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ tiẹ̀ sọ pé kò ju mẹ́rin lọ. Bàbá kì í gbé ọgọ́rùn-ún gbèsè lẹ́ẹ̀kan. Ìlú ló ń gbé. Tó bá wọ ìlú, á gbé àdúgbò. Tó bá dé àdúgbò, á gbé ilé.

Ní Ifẹ̀ kan náà, mo tún rí irú rẹ̀ tó tóbi ju ti òṣómàáló lọ. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo mú mi lọ sí Òkè Ìtasẹ̀ nígbà ọdún Ifá. Mo jókòó ti àwọn ọmọ awo méjì tí wọn kò tíì tó ọmọ ọdún méjìlá. Àgbà kan ń ké ẹsẹ̀ Ifá níwájú wọn, wọ́n ń gbè é. Tí ọ̀kan bá ṣi ẹnu, àgbà náà kì í bínú, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ojú odù 16 ló wà, ọmọ odù 240, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256, ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì lóǹkà. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dì wọ́n mú hàn sí mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ Ifá ní ọ̀nà tó máa ń gbà: orúkọ àwọn awo tó dífá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tó gbé onítọ̀hún dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọmọ awo tó bá sọnù láàárín yóò mọ ilé tó kàn láti wọ̀. Mo sọ fún ẹlẹgbẹ́ mi pé òṣómàáló ni wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má jẹ́ kí bàbá òun gbọ́.

Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà, tó sì ń rìn ín déédéé, ìrántí rẹ̀ ti dájú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀nà lè yà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn ín.

Ìtàn kan wà tí mo ti ń sọ láti ọdún gbọọrọ. Ọkùnrin kan ti Èfọ̀n wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní ìyá òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló rán òun, pé òun jẹ òṣómàáló Iléṣà kan ní gbèsè aṣọ, kí ọmọ òun má jẹ́ kí gbèsè náà bá òun lọ sọ́run. Bàbá àgbà di ojú, ìka rẹ̀ ń rìn, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó ní, "Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀dẹ. Àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà. Ó ku ṣílè mẹ́tàdínlógún." Ọkùnrin náà bú sẹ́kún, nítorí iye tí ìyá rẹ̀ sọ fún un gan-an nìyẹn. Ó tú ìdí aṣọ ìnujú aláwọ̀ búlúù kan, owó wà nínú rẹ̀. Bàbá mú náírà kan péré níbẹ̀, ó ní kó kó ìyókù padà, ó sì ṣàdúrà fún ìyá náà. Mo jókòó lórí ẹní lẹ́sẹ̀ Bàbá. Òjò ti ṣú. Mò ń gbóòórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Mo sọ ọ́ níbi ìsìnkú Bàbá. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra. Mo ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí gbogbo wa pé jọ sílé fún Kérésì, mo tún ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dúró títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó ní, "O sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n o ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn o. Èmi ni mo jókòó lórí ẹní."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló ṣe."

"Bọ́dìn lo wà. Mo kọ lẹ́tà sí ọ."

Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn gidi. Mo bínú, mo tilẹ̀ wí fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gba Bàbá mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ṣí àpótí onírin tí mo gbé lọ sí ilé ìwé nígbà náà, tó wà lábẹ́ ibùsùn nínú yàrá Màámi. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀, ojú ewé méjì tí a ya kúrò nínú ìwé àjákọ, bírò pupa ni ó fi kọ ọ́. Ọkùnrin ará Èfọ̀n wà níbẹ̀. Àgbẹ̀dẹ wà níbẹ̀. Ṣílè mẹ́tàdínlógún wà níbẹ̀. Aṣọ ìnujú búlúù wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ pé, "Mo jókòó sórí ẹní lẹ́sẹ̀ Bàbá, mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀." Kò sí òjò. Ó kọ ọ́ pé oòrùn mú débi pé ọkùnrin náà mu omi ife mẹ́ta.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn ní bí ìrántí ṣe ń ṣiṣẹ́, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì mú un rọrùn. Frederic Bartlett ti Cambridge ti fi èyí hàn nínú ìwé rẹ̀ ní 1932. Ó fún àwọn ará England ní ìtàn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan láti kà, ó sì ní kí wọ́n máa tún un sọ, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọ̀rọ̀ iwin tó ṣàjèjì sí wọn ń yọ kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n di ọkọ̀ ojú omi ti ilẹ̀ wọn, ọdẹ ẹran inú òkun di apẹja. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kàn ń fi ohun tó mọ̀ dí ibi tó jò. Èmi náà, lọ́kàn mi, àlejò tó ń ti òkè Èkìtì bọ̀ ní láti bá òjò wọlé, mo sì rọ òjò fún un. Ẹ̀gbọ́n mi kọ "mo jókòó", mo kà á, mo kà á, títí "mo" yẹn fi di èmi.

Àwọn tó ń wo inú ọpọlọ tún bá a dé ibi tó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2000, Karim Nader, Glenn Schafe àti Joseph LeDoux lo eku tí wọ́n ti kọ́ láti máa bẹ̀rù ìró kan. Wọ́n mú kí eku náà rántí ẹ̀rù ọ̀hún, lójú ẹsẹ̀ wọ́n sì fún un lóògùn tó ń dí ọpọlọ lọ́wọ́ láti ṣe púrótéènì níbi tí ẹ̀rù ń gbé. Ẹ̀rù náà pòórá. Bí wọn kò bá kọ́kọ́ mú un rántí, oògùn kan náà kò ran ẹ̀rù náà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìrántí tó ti gbẹ máa ń rọ̀ padà nígbà tí a bá mú un jáde, bí amọ̀ tí a da omi sí, a sì ní láti mọ ọ́n kó tó tún gbẹ. Ìtẹ̀ka wa máa ń kù sí i lára. Ìtàn tí mo sọ jù láyé mi ni ìtẹ̀ka mi pọ̀ sí jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dẹ́rù bà mí. Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi àwọn kan pé báwo ni eré àwọn ọkọ̀ náà ṣe tó nígbà tí wọ́n fara kan ara. Wọ́n bi àwọn kan pé báwo ló ṣe tó nígbà tí wọ́n rún ara wọn wómúwómú. Fíìmù kan náà ni. Àwọn tó gbọ́ "fara kan ara" pè é ní máìlì 31.8 ní wákàtí kan. Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ "rún" pè é ní 40.8. Wọ́n tún fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ṣe irú ìdánwò yìí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n sì bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà, síbẹ̀ 16 nínú 50 tó gbọ́ ọ̀rọ̀ "rún" ní àwọn rí i.

Mo ti jókòó níbi ìpàdé ẹbí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nílùú yìí. Wọ́n á pe àgbàlagbà kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún jáde, wọ́n á bi í pé, "Bàbá, níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí wọ́n lé bàbá wa kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀?" Ẹni kan kò bi í bóyá wọ́n lé e. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wọlé sí i lọ́kàn kó tó ya ẹnu, tó bá sì di ìpàdé kejì, á ti rí àdá lọ́wọ́ àwọn tó lé e. Á búra sí i, ìbúra rẹ̀ á sì jẹ́ òótọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa Yorùbá ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti rí i pé ẹni tó kó o náà lè fi kún un láìmọ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń darí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ohun tí n ó bi àgbà náà ni pé, "Bàbá, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa," n ó sì pa ẹnu mi mọ́ títí á fi sọ ọ́ tán.

Ní ti òjò mi, ó ṣì ń rọ̀. Ẹ má rò pé lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi dá a dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ òfurufú Challenger gbiná lójú sánmọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1986, Ulric Neisser ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ìròyìn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún méjì ààbọ̀, òun àti Nicole Harsch tún bi 44 nínú wọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kò rántí ohun kan ṣoṣo bó ṣe rí, ó sì dá púpọ̀ nínú wọn lójú gbangba. Nígbà tí wọ́n fi ìwé tí àwọn fúnra wọn kọ hàn wọ́n, kò sí èyí tó rántí tàtijọ́ padà. Èmi náà gbà pé oòrùn ló mú lọ́jọ́ náà, nítorí pé mo rí i lákọsílẹ̀. Tí mo bá di ojú, òjò ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Bàbá ò ní bínú. Jẹ́ kó jẹ́ ti àwa méjèèjì."

Àárín ìgbà yẹn náà ni iyè Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Wọ́n á bi mí pé, "Ìgbà wo lo dé?" N ó dá wọn lóhùn. Kí tíì tó hó, wọ́n á tún bi mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń fi ìkanra dáhùn lẹ́ẹ̀kẹta, ìyẹn sì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àkọ́kọ́ ló jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn aládùúgbò ní arán ni wọ́n ń ṣe, pé ogbó ló fà á. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àjẹ́ létí mi, mo sì dá a lóhùn lọ́jọ́ náà bó ṣe yẹ. Àrùn ọpọlọ ni, bí ìtọ̀ ṣúgà ṣe jẹ́ àrùn. Àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti jọ tọ àwọn àgbà tó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn Yorùbá níhìn-ín, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìyá mi wà nínú àwọn tó mú.

Ohun tó lọ lọ́wọ́ wọn ni ohun tuntun. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Henry Molaison. Wárápá ń dà á láàmú, nígbà tó sì pé ọmọ ọdún 27, ní 1953, dókítà gé apá tó pọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ méjèèjì kúrò. Wárápá náà dẹwọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú ní 2008, kò tún lè tọ́jú ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun kankan sọ́kàn. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ìgbà èwe rẹ̀, kò mọ ẹni tó bá a jẹun ní òwúrọ̀. Brenda Milner, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ní kó máa fi gègé tọ ìlà àwòrán ìràwọ̀ kan nígbà tó jẹ́ pé inú dígí nìkan ló ti ń rí ọwọ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó nira ni. Lójoojúmọ́ ni Molaison ń ní òun kò ṣe irú rẹ̀ rí, lójoojúmọ́ sì ni ọwọ́ rẹ̀ ń já fáfá sí i. Ọwọ́ ń rántí ohun tí ẹni tó ni ọwọ́ kò rántí.

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi ní oṣù tó kọjá. Mo ra àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, mo jù ú sórí àga, kò ká, ó kàn wó síbẹ̀. Màámi, tí wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹrin pé ọmọ ta ni mí, dìde. Wọ́n wá etí aṣọ náà rí, wọ́n fi ìka méjì dì í mú síbi imú, wọ́n na apá òsì tán, wọ́n wọn ọ̀pá kan. Wọ́n kó o pọ̀, wọ́n wọn òmíràn. Nígbà tó pé mẹ́fà, wọ́n fi atẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta, wọ́n sì yí àwòrán aṣọ sókè kí oníbàárà lè rí i. Bí Bàbá àgbà ṣe ń ká a nìyẹn. Nígbà tí Màámi wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń bá Bàbá gbé díẹ̀ nínú ẹrù aṣọ náà tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi.

Mo rọra bi wọ́n pé, "Màámi, ibo la ń gbé e lọ?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó yẹ kó ti mọ̀. "Ṣé Ìwáràjà kọ́ la ó kọ́kọ́ yà ni?"

"Ta ló jẹ wá ní gbèsè níbẹ̀?"

Àtàǹpàkò wọn kan ìka ìfábẹ̀lá. "Ìyá onígi ọsàn. Ṣílè mẹ́fà." Ìka kejì. "Ọkùnrin tó ń tiro, ó ti san án." Wọ́n dé Ẹ̀rìnmọ̀, wọ́n dé Èfọ̀n. Nígbà tí a dé ilé ẹ̀gbẹ́ àgbẹ̀dẹ, àtàǹpàkò dúró. Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń mì. Ó wù mí kí n sọ iye náà fún wọn, mo sì dákẹ́.

Wọ́n ní, "Ẹni yẹn, ọmọ rẹ̀ wá san án." Wọ́n wo ojú ọ̀run láti fèrèsé. "Oòrùn mú lọ́jọ́ náà."

Wọ́n wá fi etí aṣọ kejì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n dì í mú dáadáa, kí a ká a.